Lílọ gbá gọ́ọ̀fù létí òkun ní Machrihanish, Scotland: àwọn ìbéèrè tẹ́ẹ máa ń bi mí

Àwọn èèyàn wa tó ń gbá gọ́ọ̀fù ti pọ̀ gan-an báyìí, nílé àti lókè òkun, ẹni tó bá sì ti gbọ́ pé mo fẹ́ràn pápá etí òkun Scotland á ṣáà ní ìbéèrè kan tó fẹ́ bi mí. Mo kó wọn jọ síbí. Machrihanish ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé òun ni mo fẹ́ kẹ́ẹ lọ, kì í ṣe torí pé òun nìkan ló wà.

Ibo gan-an ni Machrihanish wà?

Ẹ wo máàpù Scotland, ẹ lọ sápá ìwọ̀-oòrùn, ẹ máa rí ilẹ̀ tóóró kan tó na ara ẹ̀ wọnú òkun lọ sísàlẹ̀, tó lọ títí tó fi ku bíi máìlì méjìlá péré kó kan Northern Ireland. Kintyre ni wọ́n ń pè é. Campbeltown ni ìlú tó tóbi jù níbẹ̀, tẹ́ẹ bá wa mọ́tò bíi máìlì márùn-ún sí mẹ́fà láti Campbeltown lọ sí ìwọ̀-oòrùn ẹ ti dé abúlé Machrihanish nìyẹn, òkun Atlantic ló sì kù níwájú yín. Wọ́n dá kílọ́ọ̀bù gọ́ọ̀fù ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1876, Old Tom Morris, bàbá àgbà gọ́ọ̀fù láti St Andrews, ló wá bá wọn fẹ̀ ẹ́ di ihò 18 lọ́dún 1879.

Kí ló dé tẹ́ẹ̀ ní ká lọ sí St Andrews, ṣebí ibẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀?

St Andrews dára o, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má lọ. Ṣùgbọ́n Old Course, pápá tó lókìkí jù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ballot ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbá, ẹni tórúkọ ẹ̀ bá jáde ló ráyè, tórúkọ yín ò bá jáde ẹ tún máa gbìyànjú lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ yẹn àwọn ará ìlú máa ń rìn kiri lórí ẹ̀ pẹ̀lú ajá wọn. Lọ́dún 2024 £320 ni owó ẹ̀ lásìkò tí èrò pọ̀. Ẹni tó ti Èkó wá, tó ní ọjọ́ mẹ́fà péré, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni kó máa dúró de ballot.

Ní Machrihanish ẹ lè bùkì àsìkò yín sílẹ̀ lóṣù mélòó kan ṣáájú, kẹ́ẹ mọ̀ dájú pé ẹ máa gbá. Àti pé ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ rí nínú gọ́ọ̀fù etí òkun, ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, afẹ́fẹ́ tí kò gba gbẹ̀rẹ́, òkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín gan-an, ó wà níbẹ̀ láìsí ariwo èrò. Ibẹ̀ jìn, òótọ́ ni. Jíjìn tó jìn yẹn wà lára ìdí tó fi rí bó ṣe rí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní links? Ṣé gbogbo pápá tó wà létí omi náà ni?

Rárá o. Links ni ilẹ̀ oníyanrìn tó wà láàárín etíkun àti ilẹ̀ oko. Òkun ló fà sẹ́yìn láyé àtijọ́ tó fi yanrìn sílẹ̀, afẹ́fẹ́ wá ń gbá yanrìn yẹn jọ di òkìtì, koríko wá hù lórí ẹ̀, gbòǹgbò koríko yẹn ló di yanrìn mú tí kò fi fò lọ. Ilẹ̀ yẹn kò dáa fún oko, nítorí náà àgùntàn àti ehoro ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún, àwọn ni wọ́n ń jẹ koríko ẹ̀ tó fi máa ń kúrú, lẹ́yìn náà làwọn èèyàn wá ń gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀. Ẹnì kankan ò gbé katakata wá tẹ́ ẹ nígbà yẹn, bẹ́ẹ ṣe bá a náà lẹ máa gbá a.

Nǹkan pàtàkì tó yẹ kẹ́ẹ mọ̀ ni pé omi kì í dúró lórí yanrìn. Òjò á rọ̀, láìpẹ́ ilẹ̀ á ti fà á mu, ilẹ̀ ọ̀hún á sì le, bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ níbẹ̀ á ta, á sì máa sáré lọ. Nílé wa, koríko tó nípọn lọ́rinrin máa ń mú bọ́ọ̀lù dúró. Lakowe ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí lẹ́wà gan-an, omi pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe links. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń gbá àwọn méjèèjì.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù kọjá òkun ní ihò kìíní?

Lóòótọ́ ni, àbùmọ́ sì kọ́, ohun tó gbé orúkọ Machrihanish káyé nìyẹn. Battery ni orúkọ ihò yẹn, par 4 ni, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ń retí kí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò, ó lé ní 400 yáàdì. Ibi tẹ́ẹ máa dúró sí gbá a wà lórí ilẹ̀ gíga díẹ̀ létí òkun, fairway ẹ̀, ìyẹn ọ̀nà koríko kúkurú tó yẹ kí bọ́ọ̀lù gbà, wá yí gba apá òsì lọ bí etíkun ṣe yí. Tẹ́ẹ bá wo apá òsì, yanrìn etíkun àti ìgbì omi lẹ máa rí, bẹ́ẹ bá ṣe doríkọ apá òsì tó ni bọ́ọ̀lù kejì yín á ṣe kúrú tó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni omi á ṣe gbòòrò tó láti fò kọjá. Apá ọ̀tún ní àyè, fairway ihò 18 ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá ń bẹ̀rù lè gbá a sọ́hùn-ún, kò sí ìtìjú ńbẹ̀, ọ̀nà ẹ̀ kàn máa jìn ni.

Nísàlẹ̀ lórí etíkun, wọ́n gbé pátákó kan síbẹ̀ tó ń sọ fáwọn tó ń rìn lórí yanrìn pé ewu wà, ibi ìgbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ló wà lókè, kí wọ́n jọ̀ọ́ rìn síwájú díẹ̀. Ẹ wo etíkun dáadáa kẹ́ẹ tó gbá, torí ọmọdé àti ajá máa ń wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Ìmọ̀ràn mi ni kẹ́ẹ má kàn já sílẹ̀ nínú mọ́tò kẹ́ẹ gba orí tee lọ, ìyẹn ibi tẹ́ẹ ti máa gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta lórí ìjókòó mọ́tò, ẹ̀yìn á ti gan. Ẹ tètè dé, ẹ na ara yín, ẹ putt díẹ̀ (kẹ́ẹ rọra ti bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ sínú ihò), ẹ mu tíì, kẹ́ẹ wá ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn káàdì máàkì nípa bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sórí etíkun, torí òfin pápá kọ̀ọ̀kan lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń yàtọ̀. Kẹ́ẹ wá yan ojú ibì kan ṣoṣo lórí fairway tẹ́ẹ fẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí, kẹ́ẹ gbójú kúrò lára omi. Kẹ́ẹ gbá a.

Lẹ́yìn ihò kìíní ńkọ́, ṣé ó ṣì dùn?

Ó dùn gan-an, ó tiẹ̀ máa ń dùn mí pé ihò kìíní nìkan làwọn èèyàn ń sọ. Ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ gba àárín òkìtì yanrìn lọ, fairway ibẹ̀ rí wúruwùru bí aṣọ tí wọn ò tíì lọ̀, ẹ lè gbá bọ́ọ̀lù tó dára kẹ́ẹ débẹ̀ kẹ́ẹ rí i pé ẹsẹ̀ òsì yín wà lókè ẹsẹ̀ ọ̀tún sì wà nísàlẹ̀. Ibì kan wà tẹ́ẹ ò ní rí green, ìyẹn ibi koríko kúkurú tí ihò wà, rárá, òkìtì ló dí i, ẹ máa yan àmì kan kẹ́ẹ gbá a kọjá kẹ́ẹ sì ní ìgbàgbọ́. Àwọn ihò kan ń jẹ́ orúkọ erékùṣù tó wà lójú òkun, Islay, Jura, tí ojú ọjọ́ bá mọ́ ẹ máa rí àwọn erékùṣù ọ̀hún fúnra wọn, orí òkè Jura máa ń hàn kedere.

Ihò mẹ́sàn-án ìkejì kò ní òkìtì tó bẹ́ẹ̀, ó ń padà bọ̀ sílé ni, àwọn kan máa ń sọ pé kò dùn tó ti àkọ́kọ́, mi ò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ihò 15 àti 16 jẹ́ par 3 tẹ̀léra, ìkejì yìí gùn ju 200 yáàdì lọ, tí afẹ́fẹ́ bá ń kojú yín níbẹ̀ ẹ lè rí ọkùnrin tó lágbára tó fa driver, igi tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìn jù, yọ fún par 3. Gbogbo pápá náà par 70 ni.

Mo gbọ́ pé pápá méjì ló wà níbẹ̀, èwo ni ká gbá?

Méjèèjì, tówó àti ọjọ́ bá gbà. Èyí tó jẹ́ ìkejì ń jẹ́ Machrihanish Dunes, ọdún 2009 ni wọ́n ṣí i, David McLay Kidd ọmọ Scotland tó ṣe Bandon Dunes ní Oregon lápá Amẹ́ríkà ló yà á. Ilẹ̀ tí ìjọba dáàbò bò nítorí àwọn òdòdó ṣíṣọ̀wọ́n tó ń hù níbẹ̀ ni, nítorí náà wọn ò gbà wọ́n láyè kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Nínú ilẹ̀ tó tó 259 éékà, bíi éékà méje péré ni wọ́n fọwọ́ kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Àgùntàn ló ń bá wọn gé koríko lápá kan nínú ọdún. Ohun tó túmọ̀ sí fún yín ni pé pápá yẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ fún ẹsẹ̀, ìrìn ẹ̀ gùn, koríko gíga ibẹ̀ ò sì ní dá bọ́ọ̀lù padà fún ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè gbá, ẹ gbá ti àtijọ́.

Ṣé a nílò físà?

Tó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ní, bẹ́ẹ̀ ni, físà àbẹ̀wò UK ni, Scotland ò ní físà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ kó ìwé ibi iṣẹ́ àti ti báńkì yín jọ dáadáa, ìwé bùkì gọ́ọ̀fù àti hòtẹ́ẹ̀lì náà máa ń fi hàn pé ẹ mọ ohun tẹ́ẹ fẹ́ lọ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má san owó tí wọn ò lè dá padà kí físà tó jáde. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà tàbí Kánádà kò nílò físà, ETA, ìyẹn ìwé àṣẹ ìwọ̀lú orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló máa gbà lórí fóònù ẹ̀ kó tó wọ bàálù. Owó àwọn nǹkan wọ̀nyí máa ń yí padà, orí gov.uk ni kẹ́ẹ ti wò ó, ẹ má gbà á lẹ́nu agent.

Báwo la ṣe máa débẹ̀?

Glasgow ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ dé. Láti Èkó, ẹ lè gba London, ẹ lè gba Amsterdam, ẹ lè gba Dubai, bàálù wà láti gbogbo wọn lọ sí Glasgow. Tó bá jẹ́ pé Yúróòpù lẹ ti máa pààrọ̀ bàálù, ẹ wádìí ọ̀rọ̀ físà transit kẹ́ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni wọ́n ti dá padà ní pápákọ̀ òfuurufú nítorí ìyẹn.

Láti Glasgow ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni bàálù kékeré Loganair tó máa gbé yín dé Campbeltown láàárín wákàtí kan, pápákọ̀ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gọ́ọ̀fù gan-an. Ibùdó ológun òfuurufú ni tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà ìbalẹ̀ ẹ̀ fi gùn ju kìlómítà mẹ́ta lọ fún bàálù tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni báàgì gọ́ọ̀fù, bàálù yẹn kéré, kò gba ẹrù púpọ̀, ẹ pè wọ́n kẹ́ẹ sọ fún wọn pé ẹ ní igi gọ́ọ̀fù kẹ́ẹ tó sanwó. Ìkejì ni bọ́ọ̀sì 926 tó ń ti Glasgow lọ sí Campbeltown, ó máa gbà tó wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀, kò wọ́n.

Ìkẹta ni mọ́tò, òun ni mo fara mọ́ jù. Ó tó bíi máìlì 140, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ máa gba A82 lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Loch Lomond títí dé Tarbet, kẹ́ẹ wá yà sí A83, kẹ́ẹ gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní Rest and Be Thankful, kẹ́ẹ gba Inveraray, Lochgilphead, àti Tarbert ti Kintyre tó yàtọ̀ sí Tarbet àkọ́kọ́ o, ẹ má jẹ́ kí Google Maps gbé yín sọnù. Lẹ́yìn Tarbert yẹn, òkun á bẹ̀rẹ̀ sí yọ lápá ọ̀tún yín, ẹ máa rí erékùṣù Gigha, ẹ máa wakọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ títí. Òkè Rest and Be Thankful yẹn, ilẹ̀ máa ń ya lulẹ̀ níbẹ̀ tójò bá pọ̀, wọ́n á ti ọ̀nà tàbí kí wọ́n darí mọ́tò gba ọ̀nà àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀, nítorí náà ẹ wo ojú ọ̀nà lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kẹ́ẹ tó gbéra, kẹ́ẹ sì fi wákàtí kan lé e. Ẹ má bùkì tee time, ìyẹn àsìkò tẹ́ẹ máa gbá, fún ọjọ́ tẹ́ẹ máa débẹ̀ gan-an.

Ṣé license Nàìjíríà ṣeé wakọ̀ níbẹ̀?

Ó ṣeé wà fún oṣù méjìlá tẹ́ẹ bá jẹ́ àlejò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń yá èèyàn ní mọ́tò ní òfin tiwọn lórí ọjọ́ orí àti káàdì ìsanwó, ẹ bi wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní automatic. Apá òsì ni wọ́n ń gbà o. Tẹ́ẹ bá sì gba ọ̀nà B842 lápá ìlà-oòrùn Kintyre, ọ̀nà mọ́tò kan ṣoṣo ni, wọ́n la àyè kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ káwọn méjì tó pàdé lè yà fúnra wọn. Tí ẹnì kan bá yà fún yín, ẹ juwọ́ sí i. Tẹ́ẹ bá rí àgùntàn lójú ọ̀nà, ẹ dúró, kò ní sáré.

Ìgbà wo ló dára jù?

Láti May sí September. Nínú June oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ lè gbá ihò 18 láàárọ̀ kẹ́ẹ jẹun kẹ́ẹ sùn díẹ̀ kẹ́ẹ tún gbá 18 míì lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Èmi fẹ́ràn May jù, torí èrò kò tíì pọ̀, ilẹ̀ sì sábà máa ń gbẹ. Ẹ má ronú ooru, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn gan-an 15 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius lẹ máa rí lọ́pọ̀ ọjọ́, afẹ́fẹ́ òkun á sì tún bù kúrò lára ẹ̀.

Kí la máa wọ̀?

Aṣọ púpọ̀ tó fẹ́lẹ́ lórí ara wọn, kì í ṣe kóòtù ńlá kan. Ẹ̀wù òjò àti ṣòkòtò òjò tí kò ní pariwo tẹ́ẹ bá ń yíra, bàtà tí omi ò lè wọ̀, fìlà òwú tó bo etí, ìbọ̀wọ́ bíi mẹ́ta torí èyí tó bá tutù ò ní gbẹ lọ́jọ́ yẹn. Agboòrùn? Ẹ fi sílẹ̀ nínú mọ́tò. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa yí i padà sókè lẹ́ẹ̀kan ni.

Báwo la ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù nínú afẹ́fẹ́ yẹn?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù rèé, torí ibi tí adùn gọ́ọ̀fù etí òkun wà nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé ohun tẹ́ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, bọ́ọ̀lù tó lọ sókè réré tó wá balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Ní Machrihanish, bọ́ọ̀lù tó bá lọ sókè, afẹ́fẹ́ ló ni í. Tí afẹ́fẹ́ bá kojú yín, ọ̀pọ̀ èèyàn á fẹ́ fi gbogbo agbára gbá a, ó burú. Bẹ́ẹ bá ṣe fi agbára gbá a tó ni bọ́ọ̀lù á ṣe máa yí sẹ́yìn tó bó ṣe ń lọ, yíyí yẹn ló ń gbé e gun òkè, á gòkè á gòkè, á dúró, á wá bọ́ sílẹ̀ níwájú yín níbí. Ohun tó yẹ ni kẹ́ẹ mú igi tó gùn ju èyí tẹ́ẹ rò lọ, bóyá iron 5 níbi tẹ́ẹ̀ bá ti mú iron 8, ẹ di ìdí igi mú nísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù sún mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ṣáájú, ẹ wá gbá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìgbé igi lọ sókè púpọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Bọ́ọ̀lù á lọ nísàlẹ̀, á balẹ̀, á máa sáré.

Ní àyíká green, ẹ fi wedge 60 yẹn, igi tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sókè, sílẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, koríko kò pọ̀ lábẹ́ bọ́ọ̀lù, igi yẹn á ta lórí ilẹ̀ á sì gbá bọ́ọ̀lù ní àárín ikùn kọjá sí apá kejì. Ẹ mú iron 7 tàbí putter, igi tí wọ́n fi ń putt, gan-an, bẹ́ẹ bá tiẹ̀ wà ní 30 yáàdì sí green. Ẹ wo ilẹ̀ tó wà láàárín yín àti ihò, ibi tó rọ̀ sísàlẹ̀, ibi tó gòkè, kẹ́ẹ yan ojú ibi tẹ́ẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ kàn, ilẹ̀ á ṣe ìyókù. Mo ti rí àwọn àgbà Campbeltown tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún tí wọ́n ń fi putter tà á láti ìsàlẹ̀ òkìtì, bọ́ọ̀lù á gun òkìtì, á lọ́, á sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, wọn ò ní wo ẹ̀yìn, wọ́n á kàn fa trolley wọn (kẹ̀kẹ́ tó ń gbé báàgì) lọ síbẹ̀.

Àwọn tó kọ́ gọ́ọ̀fù lórí brown nílé, ìyẹn àwọn ibi putt tí wọ́n fi yanrìn àti òróró ṣe, ń ṣe dáadáa níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ níwájú kó tó sáré débẹ̀.

Bọ́ńkà, ìyẹn kòtò yanrìn: ẹ gbá a jáde síbi tó bá ti ṣeé gbà jáde, bó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ náà ni, kódà bó jẹ́ ẹ̀yìn.

Green ibẹ̀ kì í sáré bíi ti Amẹ́ríkà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í bẹ́ẹ̀ ni, torí tí wọ́n bá gé e kúrú jù, afẹ́fẹ́ á máa ti bọ́ọ̀lù kiri. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ti bọ́ọ̀lù yín lórí green, òfin tó wà láti 2019 ni pé tẹ́ẹ bá ti gbé e rí tẹ́ẹ sì ti dá a padà, ẹ máa gbé e padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ láìsí ìyà, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ̀ tíì gbé e rí, ibi tó lọ dúró sí lẹ máa gbá a.

Tí bọ́ọ̀lù bá sọnù ńkọ́?

Ìṣẹ́jú mẹ́ta lòfin fún yín láti wá a. Ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù míì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi provisional, ìyẹn èyí tẹ́ẹ máa lò tẹ́ẹ̀ bá rí ti àkọ́kọ́, kẹ́ẹ tó kúrò níbi tẹ́ẹ dúró sí, kẹ́ẹ sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ẹ kó bọ́ọ̀lù dáadáa dání. Koríko òkìtì gùn ó sì le, ibi tẹ́ẹ rí i tó wọ̀ lójú yín, ẹ fi ojú sí igi tàbí òkúta kan níbẹ̀ kẹ́ẹ tó gbé ẹsẹ̀.

Ṣé wọ́n á béèrè handicap? Caddie ńkọ́?

Ẹ mú ìwé handicap yín, èyí tó ń sọ bẹ́ẹ ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó, dání láti kílọ́ọ̀bù yín, bóyá Ikoyi Club ni, bóyá Ìbàdàn ni, bí wọn ò bá béèrè kò pa yín lára. Caddie, ẹni tó ń báni gbé báàgì, wà ṣùgbọ́n kò pọ̀ bíi tilé wa níbi tí wọ́n ti ń dúró dè yín lẹ́nu géètì, ẹ gbọ́dọ̀ bùkì ẹ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fa trolley fúnra wọn tàbí kí wọ́n fi báàgì kọ́ èjìká. Ìrìn ni gọ́ọ̀fù ibẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti oṣù kan ṣáájú. Tẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá yára jù yín lọ, ẹ jẹ́ kó kọjá. Lẹ́yìn tẹ́ẹ bá gbá tán, ẹ bọ́ fìlà, ẹ bọ ara yín lọ́wọ́, wọ́n ka ìyẹn sí gan-an.

Ṣé obìnrin lè gbá níbẹ̀?

Kí ló dé tí wọn ò ní gbá. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó gbá gọ́ọ̀fù jù ní Scotland, Belle Robertson, Southend ní Kintyre ni wọ́n bí i sí, òun ló gba ife British Ladies Amateur lọ́dún 1981. Pápá ìlú rẹ̀, Dunaverty, wà níbẹ̀ títí dòní ní ìsàlẹ̀ Kintyre pátápátá, kò tó 5,000 yáàdì, kò wọ́n, màlúù àti òkun ló yí i ká, ó dùn ju bí ìwọ̀n ẹ̀ ṣe rí lọ. Ẹ fi ọ̀sán kan fún un. Ẹ̀yin ìyá àti àǹtí tẹ́ẹ̀ ń fẹ́ pápá tó gùn, ẹ lọ síbẹ̀ kẹ́ẹ tó lọ sí Machrihanish, á mú ara yín mọ afẹ́fẹ́.

Ìyàwó mi kì í gbá gọ́ọ̀fù, kí ló máa ṣe?

Etíkun Machrihanish gùn tó bíi máìlì mẹ́ta, ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa rìn kó máa ronú, kò sí ibi tó dára jù ú lọ. Campbeltown ní ilé sinimá kékeré kan tó ti wà láti 1913, ó lẹ́wà nínú. Ọtí whisky ni ìlú yẹn fi gbajúmọ̀ láyé àtijọ́, ilé ìpọntí ibẹ̀ lé ní ọgbọ̀n nígbà kan, Springbank, Glen Scotia àti Glengyle ló ṣẹ́kù nínú orúkọ àtijọ́, wọ́n máa ń mú àlejò yíká. Àwọn tí kì í mutí náà máa gbádùn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa wakọ̀ kò gbọ́dọ̀ mu ún, òfin Scotland lórí ìyẹn le ju ti England lọ.

Oúnjẹ ńkọ́, ṣé a máa rí oúnjẹ ilé?

Ní Campbeltown, rárá. Ẹja tútù àti edé ibẹ̀ dára púpọ̀, ọbẹ̀ wọn ni kò ní ata. Glasgow ní ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú tó pọ̀ tẹ́ẹ ti lè ra gàárì, ata gígún àti èlùbọ́ kẹ́ẹ tó gbéra, tẹ́ẹ bá gba ilé tó ní kíṣíìnì ẹ lè se é fúnra yín. Ẹ má gbé ẹran gbígbẹ, kílíṣí tàbí pọ̀nmọ́ láti ilé o, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn kó ẹran àti wàrà wọ UK láti Nàìjíríà, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀.

Ṣé pápá míì wà tá a lè fi kún un lójú ọ̀nà?

Tẹ́ẹ bá padà dé Glasgow, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Ayrshire, kò tó wákàtí kan. Prestwick ló wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti gbá Open (ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá ti Britain) àkọ́kọ́ láyé lọ́dún 1860, èèyàn mẹ́jọ péré ló kópa. Royal Troon tí wọ́n ti gbá Open ti 2024 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an. Tówó ò bá tó fún méjèèjì, Prestwick ni kẹ́ẹ mú, torí òun ló ṣì ní àwọn ibi tí èèyàn kò ti rí ibi tó ń gbá bọ́ọ̀lù sí, bíi ti ayé àtijọ́.

Mo fẹ́ dá lọ, ṣé wọ́n á gbà mí?

Wọ́n á gbà yín tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹ pe pro shop, ṣọ́ọ̀bù kílọ́ọ̀bù tó ń gba bùkì, lórí fóònù, ẹ má kàn fi email ránṣẹ́, ẹ sọ pé ẹyọ ẹnì kan ni yín, ẹ sọ handicap yín, ẹ ní kí wọ́n fi yín mọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbá lọ́jọ́ yẹn. Àwọn yẹn ló máa fi ojú ọ̀nà hàn yín níbi tẹ́ẹ̀ bá ti ń ṣìnà, wọ́n á sọ fún yín pé ẹ fi bọ́ọ̀lù sápá ọ̀tún òkìtì yẹn kì í ṣe òsì, wọ́n á sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a ní Èkó, kẹ́ẹ sọ fún wọn.